Lloyd Loar, Ẹni tí ó Tẹ́tí sí Igi àti Awọ

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn ènìyàn ńlá inú ayé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìtàn àwọn ọba, àwọn jagunjagun àti àwọn arìnrìn-àjò ni à ń kà. Kò wọ́pọ̀ kí a jókòó ti ìtàn ẹni tí gbogbo ogun tí ó jà ní ayé kò ju pé kí pákó fẹ́lẹ́ kan lè fọhùn bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Lloyd Allayre Loar, ará Amẹ́ríkà. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Ìdí kìíní ni pé láti inú ọgbọ́n rẹ̀ àti láti ọwọ́ àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ ni díẹ̀ nínú àwọn ohun èlò orin olókùn tí ó níye lórí jù lọ ti jáde wá. Ìdí kejì ni pé olùkọ́ ni nígbà tí ikú dé bá a, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì ń fi ìmọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń múra láti ṣe.

Kí a tó wọ inú ìtàn rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ báńjò, nítorí pé ohun èlò yìí ni ó gba òde kan ní ìgbà ayé rẹ̀. Báńjò kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun lọ sí àwọn erékùṣù Káríbíánì àti sí Amẹ́ríkà kò gbàgbé àwọn ohun èlò olókùn ti ìlú wọn. Wọ́n mú igbá, wọ́n na awọ sí i lójú, wọ́n fi igi ṣe ọrùn fún un, wọ́n sì de okùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ti rí mólò ní ilẹ̀ Yorùbá, tàbí akonting ti àwọn ará Jola ní ìhà Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà, yóò mọ̀ pé ẹbí kan ni gbogbo wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta báńjò lórí ìtàgé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn adúláwọ̀; kò sì pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi àti irin kàn án dípò igbá.

Báńjò ti ìgbà náà a máa ní okùn 5. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni irú mìíràn tí ó ní okùn 4 jáde wá, èyí tí a ń pè ní báńjò ténọ̀. Ohùn C, G, D àti A ni àwọn okùn rẹ̀ ń dún láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìwọ̀n ohùn márùn-ún márùn-ún ni ó sì wà láàrin okùn kan àti èkejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára fíólà. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ti mọ máńdólíìnì í ta lè bọ́ sórí báńjò ténọ̀ láìpẹ́. Pẹlẹbẹ kékeré kan ni a fi ń ta á, ohùn rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Nígbà tí kò ì tí ì sí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè nínú gbọ̀ngàn ijó, báńjò nìkan ni ohun èlò olókùn tí fèrè àti ìlù kò lè bò mọ́lẹ̀. Òkìkí ẹbí báńjò dé Èkó pẹ̀lú: láàrin ọdún 1930 sí 1940, Túndé King, olórin jùjú, ta irú báńjò kan tí ó ní okùn 6 bíi ti gìtá.

A bí Lloyd Loar ní ọjọ́ 9 oṣù Jánúárì, ọdún 1886, ní Cropsey, ìletò kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Oberlin ní ìpínlẹ̀ Ohio, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ti ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ láti ọdún 1835. Ó mọ máńdólíìnì í ta, ó sì mọ fíólà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ olórin tí obìnrin akọrin kan tí ń jẹ́ Fisher Shipp dá sílẹ̀, wọ́n sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti ṣeré fún àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1916 ni Loar gbé obìnrin náà ní ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ibi tí ọkùnrin yìí gbà wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìdí àáké àti ayùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe iwájú àwọn olùgbọ́. Ó ti di ohun èlò mú ní gbọ̀ngàn ńlá àti kékeré. Ó ti mọ okùn tí ohùn rẹ̀ ń kú lójijì, ó sì ti mọ èyí tí ohùn rẹ̀ kì í dé ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ní ìlú Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí ń jẹ́ Orville Gibson, ẹni tí a bí ní ọdún 1856. Gibson ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú àti ẹ̀yìn máńdólíìnì kí ó rọra yọ kókó bí ti fáyólìn, dípò kí a fi pákó pẹlẹbẹ kàn án. Ní ọdún 1902, àwọn oníṣòwò kan dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1918. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1919, Loar wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ kí ó tó di ìgbà náà tí ó ti ń ta ohun èlò wọn káàkiri, nítorí náà kò ṣe àjèjì sí wọn, àwọn náà kò sì ṣe àjèjì sí i.

Kí ni ó wá ṣe níbẹ̀? Kí ó tó dé, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n mú àwòṣe kan, kí wọ́n sì gbẹ́ gbogbo pákó dé ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n igi kì í rí bákan náà. Pákó méjì tí a là lára igi kan ṣoṣo lè jọra lójú, kí wọ́n má sì jọra létí. Ọ̀kan yóò le, èkejì yóò rọ̀. Bí a bá gbẹ́ méjèèjì dé ìwọ̀n kan, ojú wọn yóò dọ́gba ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ní dọ́gba. Ọ̀nà tí Loar yàn ni pé kí a bi igi léèrè. A ó fi ìka kan pákó náà, a ó sì tẹ́tí sí ohùn tí ó bá dá. Bí ohùn náà bá ga jù, a ó fá inú rẹ̀ díẹ̀, a ó sì tún kàn án, títí yóò fi bọ́ sí ipò tí a ń fẹ́. Bí a ti ṣe ojú ni a ó ṣe ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni a ó ṣe àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú. Kódà afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ikùn ohun èlò ní ohùn tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgò tí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ́nu ti ń dún. A gbọ́dọ̀ fi òun náà sí ètò. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà kì í fi ojú nìkan wò ó. A máa fi ìka kàn án kí ó lè gbọ́ bí ó bá ti sán.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni máńdólíìnì tí a ń pè ní F-5 àti gìtá tí a ń pè ní L-5 ti jáde ní ọdún 1922 sí 1923. Dípò ihò roboto kan ní àárín, ihò gígùn méjì bíi ti fáyólìn ni a là sí ojú wọn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó yè nínú ìdánwò ni a lẹ ìwé kékeré kan mọ́, tí ó jẹ́rìí pé a ti dán ojú, ẹ̀yìn, ọ̀pá inú àti ikùn rẹ̀ wò. Loar yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró de oníṣẹ́ ọwọ́. Ní àkókò náà gan-an ni àwọn ènìyàn ń fi máńdólíìnì sílẹ̀, tí wọ́n ń sáré tọ báńjò ténọ̀ lọ. Láti ọdún 1918 ni ilé-iṣẹ́ Gibson ti ń ṣe báńjò, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ṣáájú wọn: ilé-iṣẹ́ Vega wà ní Boston, Bacon àti Day wà ní Groton, Epiphone sì wà ní New York. Ìbéèrè tí ó wà níwájú gbogbo wọn ni pé, kí ni ó ń mú kí báńjò kan máa fọhùn bí agogo, kí èkejì sì máa dún bí agolo?

Ẹ jẹ́ kí a tú báńjò ténọ̀ tí ó dára palẹ̀, kí a sì wo inú rẹ̀. Òbìrí igi kan wà níbẹ̀, tí ó fẹ̀ tó ínǹṣì 11, tí a fi igi líle tí ń jẹ́ mépù tẹ̀, tí a sì fi àtè lẹ̀ ní ìpele lórí ìpele kí ó má bàa sán. Ẹni tí ó bá mọ sákárà ti mọ ìrísí rẹ̀; amọ̀ ni a fi ń ṣe tiwa, igi ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Òrùka irin tàbí idẹ kan jókòó lé orí òbìrí náà. A na awọ ọmọ màlúù lé e, a fi ọ̀já irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yí ká, a sì fi ìkọ́ irin bíi 24 fà á le, gẹ́gẹ́ bí ọṣán ti ń fa awọ dùndún. Lórí awọ ni igi kékeré kan dúró sí, orí rẹ̀ ni àwọn okùn gbà kọjá.

Nígbà tí a bá ta okùn, okùn gbọ̀n igi kékeré náà, igi kékeré sì gbọ̀n awọ. Okùn tín-ín-rín, kò lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n awọ gbòòrò, ó sì fúyẹ́, nítorí náà ni ohùn fi ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó ti ń yára jáde náà ni ó ń yára tán, gẹ́gẹ́ bí owó ọmọ àpà. Bí òbìrí bá fúyẹ́ tí kò sì le, òun náà yóò máa gbọ̀n, yóò sì jí nínú agbára tí ó yẹ kí awọ fi kọrin. Ṣùgbọ́n bí òrùka rẹ̀ bá wúwo, tí ó sì jókòó gírígírí, yóò kọ̀ láti gbọ̀n, yóò dá agbára náà padà fún awọ, ohùn yóò sì mọ́, yóò sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Awo igi kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń darí ohùn síwájú sí ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́, kí ó má bàa wọ inú aṣọ ẹni tí ń ta á lọ.

Ìfàle awọ náà ń fẹ́ ọgbọ́n. Bí ó bá dẹ̀, ohùn yóò wúwo bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń mú. Bí a bá sì fà á jù, ohùn yóò di tín-ín-rín, awọ sì lè fàya. Àwọn baba wa ti sọ pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ọ̀rinrin òjò a máa mú kí awọ dẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ a sì máa fà á le, nítorí náà ẹni tí ó ní báńjò aláwọ kò lè sinmi àti máa tún un ṣe. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní ipò, ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò hàn kedere nígbà tí a bá ta wọ́n pọ̀, okùn C kò ní rì mọ́lẹ̀, okùn A kò sì ní pariwo ju àwọn yòókù lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ akọrin tí a ti ń gbọ́ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú orin kan. Àmì báńjò tí ó dára nìyí. Ariwo nìkan kò tó.

Ní òpin ọdún 1924 ni Loar fi ilé-iṣẹ́ Gibson sílẹ̀. Ní ọdún 1925, nígbà tí òun ti lọ, ni báńjò wọn tí a ń pè ní Mastertone jáde. Lábẹ́ òrùka rẹ̀ ni a to àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké sí, lórí sípíríǹgì, nínú àwọn ihò tí a lu sí igi òbìrí, kí awọ lè rí ìtìlẹ́yìn tí ó dọ́gba yí ká. Láàrin ọdún díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà pa bọ́ọ̀lù àti sípíríǹgì tì, wọ́n sì fi òrùka idẹ wíwúwo kan tí a dà ní ẹyọ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Èyí sì dára jù. A rí i níhìn-ín pé ohun tí ó díjú kọ́ ni ó ń jẹ́ ọgbọ́n nígbà gbogbo.

Ìgbésí ayé Loar lẹ́yìn èyí kò rọrùn. Ó gbàgbọ́ pé iná mànàmáná lè gbé ohùn okùn sókè, ní ìgbà tí àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó ń ronú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1933, òun àti Lewis Williams, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ní Gibson rí, dá ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Vivi-Tone sílẹ̀ láti máa ṣe irú àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀. Ọjà náà kò tà. Ọ̀wọ́n owó wà káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn olórin kò sì tí ì ṣetán fún ohun tí ó gbé wá. Ní ọdún wọ̀nyí kan náà ni báńjò ténọ̀ pẹ̀lú ń kúrò lójú ọpọ́n, tí gìtá sì ń gba ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin. Ẹni tí ó bá wo Loar nígbà náà lè wí pé gbogbo ohun tí ó fọwọ́ kàn ni ayé kọ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní yunifásítì Northwestern, ní ìpínlẹ̀ Illinois tí a ti bí i, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ bí ohùn orin ti ń wá sí ayé: ìdí tí okùn fi ń dún, ìdí tí igi fi ń dáhùn, àti ìdí tí etí fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún 1943, ní ẹni ọdún 57.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà tí ó kú ni ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan tí ń jẹ́ Bill Monroe rí máńdólíìnì kan tí a gbé sílẹ̀ fún títà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní ìlú Miami. Ó san dọ́là 150 fún un. F-5 ni, Loar sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní ọjọ́ 9 oṣù Júláì, ọdún 1923. Monroe fi máńdólíìnì yìí dá irú orin tuntun sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní bluegrass, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun èlò tí ó ní orúkọ Loar nínú. Ní ayé òde òní, a ti ta irú rẹ̀ ju dọ́là 100,000 lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn báńjò ténọ̀ Mastertone tún ya ni lẹ́nu. Àwọn olórin bluegrass fẹ́ òbìrí àti òrùka rẹ̀, ṣùgbọ́n báńjò olókùn 5 ni wọ́n ń ta. Nítorí náà wọ́n yọ ọrùn olókùn 4 kúrò lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, wọ́n sì fi ọrùn olókùn 5 sí i. Ara ni ó yè, ọrùn ni ó lọ. Báńjò ténọ̀ fúnra rẹ̀ kò kú pẹ̀lú. Àwọn ará Írẹ́lándì gbà á, wọ́n rẹ ohùn okùn rẹ̀ sílẹ̀ sí G, D, A, E, bíi ti fáyólìn ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Barney McKenna, tí ó kú ní ọdún 2012, sì sọ ọ́ di olókìkí láàrin wọn.

Ó tọ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo nínú ìtàn yìí. Orúkọ Loar ni ó wà nínú ìwé kékeré náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó gbẹ́ igi, tí ó lẹ̀ ẹ́, tí ó sì kùn ún. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Kalamazoo ni ó ṣe iṣẹ́ yìí tí a kò kọ orúkọ wọn síbi kankan. Bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ na awọ sí ojú igbá ní oko ẹrú, bẹ́ẹ̀ ni láìsí òun kò bá tí sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá tún ṣe.

Àwa tí a óò di olùkọ́ lè rí ẹ̀kọ́ méjì kọ́. Èkínní ni pé kí a má ṣe fi ìwọ̀n kan ṣoṣo gbẹ́ gbogbo ọmọ. Ọmọ ọgbọ̀n lè wà ní kíláàsì kan, kí ohùn ọgbọ̀n sì wà nínú wọn. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ gbọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fá ọ̀kan ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì fi èkejì sílẹ̀ ní nínípọn. Èkejì ni pé a lè rán wa lọ sí ìletò tí ẹnikẹ́ni kì yóò ti yìn wá, kí ọjà ọdún náà má sì mọ iye iṣẹ́ wa. Loar kò gbọ́ ohùn máńdólíìnì Monroe. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń kan igi náà tí ó sì ń tẹ́tí sí i ní ọdún 1923, ó ṣe é bí ẹni pé ẹnìkan yóò gbọ́ ọ.